Làálì Iwájú Orí Akọ Màlúù

Aṣọ ni mò ń tà. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní ọjà Niamey, aṣọ ló fi mọ̀ mí: àǹkárá, léèsì, gbogbo èyí tí àwọn obìnrin Zarma máa ń rà fún ìyàwó tuntun. Bàbá mi ta aṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ìhín, ìyá mi náà ta aṣọ. Kò sí ẹni tó sin màlúù rí nínú ìdílé wa, èyí tí èmi sì mọ̀ ni èyí tó wà nínú ọbẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá sọ pé mo fi ìgò ọmọ tọ́ akọ màlúù kan dàgbà, tí mo sì tìtorí rẹ̀ bá ọkọ mi yan odì fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kí ẹ má rò pé orí mi dàrú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Ọmọ Ìlọrin ni ọkọ mi, Alfa ni. Ilé kéwú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Harobanda, lódìkejì odò. Fúlàní kan wà tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rin ń kọ́ kéwú lọ́dọ̀ Alfa. Nígbà tí àkọ́bí parí Kùránì, bàbá náà fa abo màlúù kan wá, ó so ó mọ́ igi dóńgóyárò inú àgbàlá wa, ó ní ẹ̀bùn Alfa ni. Alfa ṣàdúrà fún un, ó wọlé lọ jẹun. Èmi ni mo dúró ti màlúù, tí màlúù dúró tì mí, tí a ń wo ara wa. Mo ní ká tà á. Alfa ní ojú á ti òun bí ẹni tó fún òun bá gbọ́. Bí a ṣe di onímàlúù láìmọ màlúù nìyẹn.

Abo náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láti orí dé ìrù. Imú rẹ̀ dúdú, ojú rẹ̀ rí bíi pé wọ́n lé tìróò sí i. Asáwákì ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, màlúù ilẹ̀ Niger gan-an, èyí tí oòrùn kì í dẹ́rù bà. Ọkùnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀kan lára àwọn tó ń rí sí ohun ọ̀sìn, gun alùpùpù wá láti wá gún un ní abẹ́rẹ́. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ojúlówó ni, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí akọ kan ṣáá ládùúgbò gùn ún. Ó ní òun yóò mú àtọ̀ akọ ojúlówó wá láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, òun yóò sì fi sí i lára fúnra òun. Ó pe nǹkan náà lórúkọ rẹ̀ gan-an láìfi bò, Alfa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Lọ́jọ́ tó mú un wá, ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ti gbé àpótí rẹ̀ síbi tí yóò ti ríran dáadáa. Nígbà tí ọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ gígùn tó dé èjìká, tó sì ki apá bọ ibi tí ènìyàn kì í ki apá bọ̀, ìyá fa ìborí bojú. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “ayé mà ti dayé òyìnbó o. Ó máa lóyún báyìí, kò sì ní mọ ọkọ rẹ̀ lójú!”

A rẹ́rìn-ín títí Alfa fi yọjú láti inú ilé kéwú pé kí ló ń ṣe wá.

Akọ ni ó bí, nígbà ọyẹ́. Ọmú ìyá rẹ̀ wú, ó ń dùn ún, kò sì jẹ́ kí ọmọ fẹnu kàn án. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá súnmọ́ ọn ló ń ta á nípàá. Mo wo ọmọ náà níbi tó ti ń gbọ̀n lábẹ́ igi, mo wọlé, mo fa ìgò ọmọ-ọmọ mi yọ, mo rọ wàrà sínú rẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti mọ ohùn mi. Bí mo bá ti ọjà dé, tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú takisí lójú títì, yóò ti máa ké nínú àgbàlá. Àwọn ọmọ tí mo fi oyún bí kò ké bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mi ò ní purọ́.

Ibi tí nǹkan ti yí padà ni ìpàdé àwọn ọmọ Ìlọrin ní Dar es Salam, àdúgbò kan ní Niamey níbí. Ní ọdún Iléyá kọ̀ọ̀kan, àwọn méje nínú wọn máa ń para pọ̀ pa màlúù kan. Lọ́dún yẹn, wọ́n ń ráhùn pé màlúù ọjà kò dára mọ́, pé egungun ni wọ́n ń rà. Ọkọ mi, tó lè jókòó nínú ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsọ ju “àmín” lọ, la ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

“Èyí tó wà nílé mi ńkọ́?”

Ó délé, ó sọ fún mi bí ẹni tó ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀. Nígbà náà, akọ mi ti pé ọdún mẹ́ta, iké rẹ̀ ti yọ, ọrùn rẹ̀ ti ki. Mo sọ ohun tí mo lè sọ, èyí tí mi ò lè sọ, mo fi ojú sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo pa ẹnu mi dé. Mo ń dáná, mo ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan kò ti ẹnu mi jáde sí Alfa. Ìyá rẹ̀ gan-an gbè mí lẹ́yìn, ó ní ṣé ọmọ tí ìyàwó fi ìgò tọ́ ló fẹ́ fi ọbẹ kàn. Alfa ní òun ti ṣe àdéhùn. Ọkọ mi kì í yẹ àdéhùn. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn, ohun tó sì máa ń mú mi fẹ́ fi igi gún un náà nìyẹn.

Èyí tó burú jù nínú àwọn méje ni onígbàjámọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Banifandou. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí wọ́n sọ lórúkọ nílùú yìí tí kì í ṣe òun ló fá orí rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tí ọ̀rọ̀ ẹran bá dé. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìwọ̀n ni wọ́n fi ń pín ẹran Iléyá, pé ẹnikẹ́ni kì í ṣa ibi tó wù ú, ṣùgbọ́n òun ti ṣa itan ẹ̀yìn ọ̀tún. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, yóò sọdá afárá wá “kí Alfa.” Kì í kí Alfa. Ẹ̀yìn igi dóńgóyárò ló ń lọ tààrà, yóò fi ọwọ́ ra akọ mi láti iwájú orí dé ìdí ìrù, yóò gbá itan náà pẹ́pẹ́.

“Ìyá Aláṣọ, ẹ ń tọ́jú itan mi dáadáa o.”

“Itan tiyín gan-an ló yẹ ká gé,” ni mo máa ń dá a lóhùn. Á rẹ́rìn-ín, á sì tún gbá a.

Ọkùnrin alùpùpù yẹn ló kó mi yọ. Ó wá wo màlúù, ó bá mi nínú ìbínú, ó ní ṣé mi ò gbọ́ pé ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ń bọ̀ ni. Ó ní wọ́n máa yẹ akọ kọ̀ọ̀kan wò níbẹ̀, èyí tó bá jẹ́ ojúlówó, wọ́n á fún un níwèé. Akọ tó bá ti níwèé, àwọn tó ní abo yóò máa wá a wá láti ibi gbogbo, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó ń pa irú rẹ̀ jẹ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn méje fúnra mi ní Dar es Salam. Mo kúnlẹ̀, kí wọ́n má bàa sọ pé mo ṣàfojúdi, ṣùgbọ́n ohùn mi kò kúnlẹ̀. A fẹnu kò: bó bá gba ìwé, wọ́n á wá òmíràn lọ. Bí kò bá gbà á, tiwọn ni, mi ò sì gbọdọ̀ yanu mọ́. Ìpàtẹ ku oṣù méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìpàtẹ ni Iléyá.

Oṣù méjì yẹn dùn mọ́ mi ju ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Mo ń fún un ní èérí jéró àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ. Ní òwúrọ̀ kí n tó lọ sọ́jà, mo ń fa okùn rẹ̀ lọ sétí odò kí ó lè kọ́ bí a ti ń rìn níwájú ènìyàn. Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ni mo fi ń wọn àyà rẹ̀. Ní ọjà, bí oníbàárà bá ti yan aṣọ tán, kí n tó dì í, mo ti yọ fóònù jáde: “Wo èyí ná.” Àwọn obìnrin Zarma á wo àwòrán, wọ́n á wò mí, wọ́n á ní àǹkárá ni mò ń tà àbí ọkọ màlúù. Mo ní méjèèjì. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní abo màlúù nílé láti ibí dé Dosso, ní Hausa àti ní Zarma, mo ń polówó rẹ̀ bí mo ṣe ń polówó léèsì: kò ní ṣá, kò ní ṣí, ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ rí i. Kò pẹ́ tí ọjà fi sọ mí ní Ìyá Màlúù, èyí tó dùn mọ́ mi nínú ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ.

Nígbà tí ìpàtẹ ku ọ̀la, ìyá ọkọ mi bi mí pé kí ni ọmọ yóò wọ̀. Mo ní màlúù kì í wọṣọ. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìmọ̀kan.

“Ìwọ tó ń ta aṣọ, o fẹ́ mú u jáde lójú ayé báyìí? Lásán? Bí ẹran ọjà?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi gan-an ni mo lọ ra làálì, kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá. Ó fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò ó, ó jẹ́ kí ó rẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó kọ́kọ́ fi sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ní òun náà ń lọ sóde. Lẹ́yìn náà a fi sí pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi ọ̀rá dì wọ́n. Ó ku díẹ̀ nínú abọ́. Ìyá ní ká má fi ṣòfò, ó sì fi ìka ya nǹkan roboto kan sí iwájú orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Kí ó má bàa nù ún mọ́ igi, mo fi gèlè mi kan di orí rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú gèlè, ó ń jẹ ewé ẹ̀wà lọ. Alfa jáde láti lọ ṣe àlùwàlá, ó rí i, ó sì padà sínú ilé.

Nígbà tí a tú gèlè láàárọ̀, ó ti mú dáadáa. Pupa rẹ̀ ṣókùnkùn ju irun yòókù lọ, ó ń dán. Orí mi wú. Alfa mú okùn kan, èmi mú ìkejì, a gba orí afárá Kennedy. Ìyá wà nínú takisí tó ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yọ orí jáde, ó ń kọ́ wa bí a ó ti rìn. Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè, ràkúnmí kan tó ru igi ìdáná dúró láti wò wá. Awakọ̀ takisí kan pariwo pé ìyàwó tuntun rèé, mo sì dá a lóhùn pé ọkọ ìyàwó ni. Akọ mi kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Mo wo Alfa, mo rí i pé òun náà gbé àyà síwájú.

Níbi ìpàtẹ, dókítà ẹran tó ń yẹ wọ́n wò jẹ́ obìnrin, ó wọ aṣọ funfun, ó dé akẹtẹ̀. Ó wo imú, ó ní ó dára. Ó wo ìwo, ó wo iké, ó fi téèpù tirẹ̀ wọn àyà, ó sọ iye rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ̀wé, èmi sì mi orí nítorí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó dé iwájú orí. Ó dúró.

“Madame, ça, c’est quoi?”

Kí nìyẹn ló ń fi Faransé bi mí. “Làálì ni,” mo wí ní Hausa, tìdùnnú-tìdùnnú.

Ó fi omi sí aṣọ, ó nù ún. Kò lọ. Làálì ìyá kì í lọ. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ṣàlàyé ní Hausa, kí ó lè yé gbogbo wa, pé ojúlówó Asáwákì kò gbọdọ̀ ní àbàwọ́n funfun níwájú orí, àti pé ẹni tó bá kun ẹran rẹ̀, ó ń fi nǹkan pamọ́ ni. Ó ní òun ti rí èyí tí wọ́n fi aró bò, òun ti rí èyí tí wọ́n fi omi tíì bò. Làálì nìkan ni òun kò tíì rí.

Mo gbaná jẹ. Mo fi Hausa bẹ̀rẹ̀, mo gba Zarma kọjá, inú Yorùbá ni mo ti bá ara mi nígbà tí èémí mi fẹ́ tán. Mo ní ṣé mo jọ oníjìbìtì ni. Mo ní ilé aṣọ ni wọ́n bí mi sí, mo mọ aró tó dára yàtọ̀ sí aró ẹ̀tàn. Obìnrin náà kò bínú. Ó ní kí n mú un padà wá ní ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí irun náà bá ti pààrọ̀ ara rẹ̀.

Ọdún tó ń bọ̀! Àwọn méje wà lábẹ́ igi níbẹ̀, wọ́n ti pé láti wá ṣe ẹlẹ́rìí. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ṣe hàmúdà, pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ìyá ọkọ mi dìde lórí àpótí rẹ̀. “Ẹ sún fún mi,” ó ní, ó la àárín èrò kọjá, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí dókítà, ó sì bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Àwọ̀ kan náà. Ó tọ́ka sí pátákò akọ, ó tọ́ka sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín, dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó di ìyá lọ́wọ́ mú.

“Mo gbà pé làálì ni, Ìyá. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni mi ò mọ̀.”

Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi. Kì í ṣe Alfa ló fẹ́ pa ọmọ mi, kì í ṣe àwọn méje. Èmi ni, èmi tí mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ jù. Omi bọ́ lójú mi níwájú gbogbo èrò, mi ò sì nù ún.

Onígbàjámọ̀ jáde láti abẹ́ igi. Ó bi dókítà ní Hausa pé bí irun náà bá kúrò ńkọ́. Dókítà ní ibi tí irun bá ti funfun, awọ ibẹ̀ sábà máa ń pọ́n bí ẹnu ọmọdé. Bí awọ bá dúdú, tí ìdí irun sì pupa, a jẹ́ pé kò sí ẹ̀tàn. Onígbàjámọ̀ yíjú sí akọ mi. Ó wo itan ẹ̀yìn ọ̀tún. Ó wò ó pẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa àpò kékeré tó ń kó abẹ sí yọ.

“Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń fọwọ́ ra ẹran yìí,” ó ní. “Kò sí irun funfun kan lára rẹ̀. Mo fẹ́ ẹran o, Ìyá Aláṣọ, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ ẹ́ báyìí, kò ní dà nínú mi.”

Ó bu omi rẹ ibẹ̀. Alfa di ìwo mú, èmi fi ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ìgbà tó ń mu ìgò. Mo rò pé yóò gbé onígbàjámọ̀ sókè ni, ṣùgbọ́n ó tẹ orí sílẹ̀ fún un. “Bísímílà,” onígbàjámọ̀ wí, ó sì fá a, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń fá orí ọmọ tuntun. Irun ń já bọ́ sórí ìborí funfun tí ìyá tẹ́ sísàlẹ̀. Dókítà bẹ̀rẹ̀, ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé e sójú oòrùn. Ìdí irun pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí ti gbogbo ara rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu iwájú orí. Dúdú mínímíní.

Ó yíjú sí ẹni tó ń kọ̀wé, ó ní kí ó kọ ọ́: ojúlówó.

Mi ò mọ ẹni tí mo kọ́kọ́ dì mọ́. Mo rò pé màlúù ni. Ìyá ń jó, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ìkejì lóde. Àwọn mẹ́fà tó kù lábẹ́ igi ń pàtẹ́wọ́, àní ẹni tó ṣe hàmúdà. Onígbàjámọ̀ mí kanlẹ̀, ó ní, “Itan mi ti lọ,” ẹ̀rín sì tún ta.

“Orúkọ rẹ̀?” dókítà bèèrè. Ó ti gbé kálámù lé ìwé.

A wo ara wa. Ọdún mẹ́ta, kò lórúkọ. “Ọmọ mi” ni èmi ń pè é, Alfa ní “ẹran yẹn.” Láti ìgbà tó ti ṣe àdéhùn yẹn, mo mọ̀ pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ọbẹ ń dúró dè lórúkọ, èmi náà kò sì dán an wò, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Onígbàjámọ̀ ń nu abẹ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

“Èmi ti fá orí ní tèmi,” ó ní. “Alfa, ó kù sọ́wọ́ yín.”

Ìyá kígbe ayọ̀. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́, èrò sì pagbo yí wa ká, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé ìsọmọlórúkọ. Ọkọ mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí akọ màlúù, ó fi ọwọ́ bo ẹnu sí i, ó sọ orúkọ náà fún un kó tó sọ fún ẹlòmíràn, bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ọmọ wa. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí dókítà, ó pè é sókè, obìnrin náà sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní dárúkọ tirẹ̀ náà.